Bọ́ọ̀dù Mẹ́ta Tí Bàbá Mi Fi Búra

                                        Ṣọ́ọ̀bù Alágàádágodo,
                                        Jakpa Road,
                                        Effurun,
                                        Warri.
                                        Ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án, ọdún 1999.

Sàlíhátù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àjò tí ẹ ò múra sílẹ̀ fún. Báwo ni Bàbá Bàdírù? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn díẹ̀? Ìyá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti rí ibi tí wọ́n ti ń ra ẹja tútù ní Ọ̀yọ́ yẹn, àbí wọ́n ṣì ń fi ẹja Warri ṣe àlá? Bọ̀dá Shamsudeen ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti rí iṣẹ́? Mutmainah ọmọ mi ńkọ́? Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé bí ìyá àgbà bá pè é, Pidgin ló fi ń dáhùn. Sọ fún wọn kí wọ́n fi ọmọ mi sílẹ̀. Yorùbá wà nínú rẹ̀, ó kàn ń pẹ́ kó tó jáde ni.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Lẹ́tà tí o fi rán awakọ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo kà á, mo sunkún, mo tún un kà, mo rẹ́rìn-ín. Ìlú ti ń rọlẹ̀. Kónílé-ó-gbélé ṣì wà, ṣùgbọ́n kò le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn sójà àti àpò iyanrìn wọn ṣì wà ní oríta, wọ́n sì ti ń bá àwọn tó ń ta ẹ̀pà ṣeré. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ díẹ̀díẹ̀, oúnjẹ sì ń wọ̀ mí lẹ́nu.

Ó tó, mo ti kí yín tán. Wàyí o, wá ibì kan jókòó. Bí o bá ń dáná, gbé ìkòkò sọ̀. Sàlí, Bàbá mi ń ta Chop-Chop, géèmù inú ẹ̀rọ Papa Cynthia!

Bẹ́ẹ̀ ni o, Bàbá mi Adéyẹyè, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, alágàádágodo. Bàbá tó fi etí wọ́ mi jáde ní ṣọ́ọ̀bù Papa Cynthia lójú gbogbo Jakpa Road nígbà tí a wà ní ọmọdé, tí wọ́n ní ẹ̀rọ ọ̀lẹ ni, pé ẹni tó bá ń wo ẹnu tó ń jẹun kiri inú gíláàsì kò ní rí tirẹ̀ jẹ láyé. Ọjọ́ tí ìwọ sá gba ẹ̀yìnkùlé, tí o fi sálúbàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Àwọn náà ni mò ń sọ. Wọ́n ń ta á, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ta!

Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ kí o má baà sọ pé mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. O rántí pé lẹ́yìn ikú Papa Cynthia, Cynthia gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Ogunu, ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ àpótí yìnyín tó ti ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ̀yin kò tíì lọ ju ọjọ́ díẹ̀ lọ nígbà tí ìjà dé ojúlé wọn. Gbogbo ènìyàn ń gbé ọmọ, wọ́n ń gbé ìrẹsì, wọ́n ń gbé tẹlifíṣọ̀n. Cynthia ọ̀rẹ́ wa, ẹ̀rọ ló gbé! Ó wá ọmọlanke, ó da ẹ̀rọ náà dùbúlẹ̀ lé e, ó fi mátíràsì bò ó, ó so ó ní okùn yíká.

Nígbà tó dé oríta, àwọn sójà dá a dúró. Ìwọ náà mọ̀ pé nǹkan gígùn tí a fi mátíràsì bò lásìkò yẹn kì í ṣe ohun tí sójà ń wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Wetin dey under dat foam?" Wọ́n ní kó tú u. Àfi bí sójà yẹn ṣe rí àwòrán iwin mẹ́rin tó wà lára pákó rẹ̀, ló bá gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di igi ìdarí ẹ̀rọ náà mú báyìí, ojú rẹ̀ sì yí padà di ti ọmọdé. Ó ní, "See dis thing! For Kafanchan we dey call am Hungry Man. My papa flog me tire because of am." Ó wá kọjú sí àwọn tó ń ti ọmọlanke, ó ní, "Make una push am softly o!" Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá wọn so okùn padà.

Ọ̀dọ̀ wa ló gbé e wá, nítorí ṣọ́ọ̀bù wa ti ṣófo. Láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo Warri ti ń ra àgádágodo. Àwọn tí ilé wọn kò ní ilẹ̀kùn tó le pàápàá ń rà á. Bàbá ta èyí tó dára, wọ́n ta èyí tó ti dípẹtà, ọkọ̀ tó ń kó ọjà tuntun bọ̀ kò sì lè wọ ìlú. O mọ bí Bàbá ṣe máa ń ṣe: wọn kì í ta àgádágodo kan láìjẹ́ pé wọ́n fi gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣí i, wọ́n tì í, wọ́n tún ṣí i. Wọ́n ní àwọn kò lè ta ohun tí àwọn kò mọ inú rẹ̀. Nígbà tí kò sí ohun tí wọn yóò máa ṣí tí wọn yóò máa tì mọ́, wọ́n kàn ń jókòó, wọ́n ń wo pẹpẹ òfìfo. Àánú wọn ń ṣe mí. Cynthia kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó ní, "Papa, abeg, na only dis thing my papa leave for me." Bàbá ní kó gbé e sí igun, ṣùgbọ́n àwọn kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Kí ni àwọn kò fẹ́ gbọ́? Ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ ti tì, tí ọmọ kún ilé fọ́fọ́! Cynthia gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sí ẹ̀yìn, ó tan ẹ̀rọ, àwọn ọmọ sì ya wọlé. Àwọn ọmọ òde òní yìí ní géèmù tuntun tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń yìnbọn nínú rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Mo rò pé wọn yóò fi tiwa rẹ́rìn-ín ni. Wọ́n pa tiwọn tì! Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló dé, ó ní, "Aunty, for Chop-Chop nobody dey shoot." Mo ra bísíkíìtì fún un.

Èyí tó kàn ni yóò mú ọ fò sókè. O rántí kọ̀rọ̀ òkè lápá òsì, níbi tí o ti máa ń dúró díẹ̀ kí iwin pupa sáré kọjá kí o tó yà? Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣe é! Wọ́n kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn, ẹ̀gbọ́n wọn kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bọ̀ láti ayé wa. Ṣé o mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é? "Do Sali!" Wọn ò mọ̀ pé ènìyàn ń jẹ́ Sali. Ọ̀kan ní orúkọ kọ̀rọ̀ náà ni. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ mi ni, pé obìnrin ni, pé ó ti bímọ, pé ó ń ta ike ní ojúlé kẹta sí wa kó tó lọ, wọ́n wò mí bí ìgbà tí mo sọ pé mo mọ ẹni tó dá omi òkun. Sàlí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kọ́ ilé sí Warri yìí tí orúkọ wọn ti pa rẹ́. Tìrẹ ṣì wà lẹ́nu ọmọ tí kò mọ̀ ọ́ rí.

Òfin Papa Cynthia náà kò yí padà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ la ẹnu kọ́ ẹni tó ń ta lọ́wọ́. "No teach person wey dey play." Fi òfin yìí sọ́kàn, ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Àárín èyí ni ẹ̀gbọ́n Bàbá mi rán iṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Igbó pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní Warri kì í ṣe ilé baba ẹnikẹ́ni nínú wa, pé àwọn yóò rán ọkọ̀ akẹ́rù wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láti kó wa. Màmá mi kò jẹ́ kí oníṣẹ́ náà mu omi tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Wọ́n di gbogbo ìkòkò pátá, wọ́n ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ìyẹn la fi ń se ìrẹsì, ìyẹn la fi ń se ọbẹ̀, ìyẹn náà la fi ń gbé omi gbígbóná fún Bàbá láti wẹ̀. Tíì wa ń rùn bí ata.

N kò bú Màmá. Láti oṣù kẹfà, bí ẹnikẹ́ni bá pa ilẹ̀kùn dé gbàmù, ilẹ̀ ni Màmá ń dọ̀bálẹ̀ sí. Àti àwọn àti Cynthia ni. Wọ́n á dùbúlẹ̀ lábẹ́ káńtà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n á di ọwọ́ ara wọn mú, Màmá á máa gbàdúrà ní Ìjẹ̀bú, Cynthia á máa ṣe àmín ní Urhobo. Bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, omi ń bọ̀ lójú mi.

Ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ lọ, Sàlí. Mo sọ ọ́ fún ọ bó ti rí. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ṣẹ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá lọ síbẹ̀ fún ọdún, wọ́n á ní mò ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ibí ni mo ti kọ́ṣẹ́ gígé kọ́kọ́rọ́. Láti Jakpa Road títí dé Orhuwhorun, ilé wo ni mi ò gé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀? Bí mo bá gbé ẹ̀rọ mi dé abúlé tí wọ́n ti ń fi okùn so ilẹ̀kùn, kí ni n ó máa gé? Mo fẹ́ dúró, n kò sì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún ìyá tó ń sùn lábẹ́ káńtà.

Bàbá kò sọ pé àwọn yóò lọ, wọn kò sì sọ pé àwọn kò ní lọ. Wọ́n kàn ń run orín ni. Àfi lọ́jọ́ kan tí iwin gbé ẹnu ọmọ kan mì ní bọ́ọ̀dù kejì, ìyẹn ìpele kejì eré náà, tó bú sẹ́kún. Bàbá ní kí ló ń pa wọ́n lẹ́kún lórí nǹkan ọmọdé, pé àgbàlagbà tó bá fojú sí i á parí rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Cynthia, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ balẹ̀, ní, "Papa, you fit pass three board?" Bàbá ní, "Three? Wetin be three?" Cynthia rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn wọ́n. Wọ́n dìde, wọ́n na ìka sókè, wọ́n ní, "Hear me, all of you! If I no finish three board, I no go comot for Warri!"

Ha! Gbogbo ṣọ́ọ̀bù hó. Màmá tó ń di ẹrù lẹ́yìn yọ orí, wọ́n ní kí ni wọ́n sọ? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. O mọ Bàbá mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Tiwọn kì í sì í balẹ̀.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, iwin pupa gbé wọn mì kí wọ́n tó mọ apá ibi tí ẹnu kọjú sí. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Nígbà tó yá wọ́n gbé àpótí ìṣó wá, wọ́n jókòó lé e, wọ́n wọ gíláàsì ìkàwé wọn, wọ́n ká apá aṣọ sókè. Sàlí, o ò bá rí wọn! Bí ẹnu bá yà sí òsì, gbogbo ara wọn á yà sí òsì. Bí iwin bá ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n á wo ẹ̀yìn ara wọn nínú ṣọ́ọ̀bù. Láàárín ìgbà díẹ̀ wọ́n ti ń kọjá bọ́ọ̀dù kìíní, wọ́n ń kọjá èkejì. Wọ́n ń ṣe Sali! Wọ́n ń dúró ní kọ̀rọ̀ rẹ bí ẹni tó ń dúró de oníbàárà.

Ìṣòro kan ló wà. Ìwọ mọ ẹ̀wà ńlá mẹ́rin tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó jẹ́ pé bí ẹnu bá gbé ọ̀kan mì, àwọn iwin á di búlúù, wọ́n á máa sá, ẹni tí wọ́n ń lé á wá máa lé wọn. Bàbá kì í fọwọ́ kàn wọ́n! Wọ́n á jẹ gbogbo kéékèèké tán, wọ́n á fi ńlá mẹ́rin sílẹ̀ bí ọmọ tó fi ẹran sí ìsàlẹ̀ abọ́. Ní bọ́ọ̀dù kìíní àti èkejì, iwin kò tíì yára, Bàbá ń rí àyè jẹ wọ́n gbẹ̀yìn. Ní ẹ̀kẹta, kò sí àyè. Ẹ̀wà ńlá á wà níbẹ̀, ikú á wà níbẹ̀.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí. Cynthia ní, "Ijebu man no dey chop capital!" Ó di orin lẹ́nu gbogbo Jakpa Road. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ohun tí ẹ̀wà ńlá wà fún. Èmi ńkọ́? Èmi tí mo mọ̀ ọ́n láti kékeré? Mo pa ẹnu mi dé bí àgádágodo. Bí Bàbá bá ti kú sí bọ́ọ̀dù kẹta báyìí, màá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá, ẹ kú ìjàkadì," inú mi á sì máa jó ijó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Ọkọ̀ akẹ́rù dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó, awakọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Súnkànmí, ọmọkùnrin kan tó mọ̀nà dáadáa. Ó ní ó di dandan kí àwọn kúrò ní Warri kí kónílé-ó-gbélé tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kó ìkòkò Màmá sínú ọkọ̀. Wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgékọ́kọ́rọ́ mi kọjá níwájú mi, mo jókòó sílẹ̀. Màmá wọlé, wọ́n ní, "Bàbá Míjí, ẹ parí nǹkan yín kí a máa lọ." Bàbá fa àpótí ìṣó wọn, wọ́n jókòó.

Òkìkí kàn. Àwọn ọmọ rọ́ dé, káfíńtà òdìkejì dé, àwọn aránṣọ dé, sójà oríta tó ń pè é ní Hungry Man náà dé, ó fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Súnkànmí pàápàá fi ọkọ̀ sílẹ̀, ó wọlé, ló bá pariwo pé irú èyí ni àwọn tà títí ní Ìjẹ̀bú-Òde! Mo rí i tí Màmá fà á sẹ́yìn, tí wọ́n ń bi í ní nǹkan ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tó sì ń fi ìka tọ́ka sí igun gíláàsì. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ̀wà ńlá wà fún ló ń sọ fún wọn.

Bàbá kọjá bọ́ọ̀dù kìíní. Wọ́n kọjá èkejì. Ní ẹ̀kẹta, Sàlí, wọ́n ta ayé! Wọ́n jẹ kéékèèké tán. Wọ́n rí àyè, wọ́n jẹ ẹ̀wà ńlá kan, wọ́n jẹ èkejì, wọ́n jẹ ẹ̀kẹta. Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo ní igun ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, bọ́ọ̀dù tán, a ti kúrò ní Warri nìyẹn. Ẹnu ti dé iwájú rẹ̀ gan-an, iwin pupa ń bọ̀ lẹ́yìn. Ni Màmá bá figbe ta, "Bàbá Míjí, ẹ jẹ ẹ́! Ẹ jẹ kinní ńlá yẹn, wọ́n á sá!"

Cynthia ké, "Mama! No teach person wey dey play!" Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ Cynthia, nítorí gbogbo wa ń wo ọwọ́ Bàbá. Wọ́n gbọ́ Màmá. Wọ́n rí ẹ̀wà náà. Wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn yí ẹnu padà kúrò níbẹ̀, wọ́n darí rẹ̀ tààrà sí iwájú iwin pupa. Ó gbé wọn mì.

Màmá rọra wí pé, "Ẹ mọ ohun tó wà fún."

Bàbá bọ́ gíláàsì wọn. Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ kìíní." Mo fẹ́ gbá ara mi létí. Ẹni tí kò lè ta àgádágodo kan láìmọ inú rẹ̀, ṣé òun ni yóò jókòó ti ẹ̀rọ tí kò mọ ìlò ohun tó wà ní igun rẹ̀? Àwa tí à ń fi Ìjẹ̀bú wọn ṣe ẹ̀fẹ̀, àwa ni a kò mọ nǹkan kan.

Màmá ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ò fẹ́ lọ?"

Bàbá ní, "Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wàá rò pé mi ò ka ẹ̀rù tó ń bà ọ́ sí. Mo kà á sí. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti bí mi, Ìyá Míjí, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ mí níbẹ̀ ti kú tán. Níbí, bí mo bá wúkọ́, ojúlé mẹ́ta ló ń kí mi pẹ̀lẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe lè di ìyẹn sínú ọkọ̀. Mo ní kí iwin máa bá mi sọ ọ́."

N kò tíì gbọ́ kí Bàbá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí láyé mi. Ni Cynthia bá lọ bá Màmá, ó di ọwọ́ wọn mú bí wọ́n ti máa ń di ara wọn mú lábẹ́ káńtà. Ó ní, "Mama, if you go, when door bang, who I go hold?"

Màmá wò ó. Wọ́n wo Bàbá. Wọ́n wo èmi tí mo jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kó ní ẹrù. Wọ́n wá kọjú sí awakọ̀, wọ́n ní, "Súnkànmí, sọ ìkòkò mi kalẹ̀."

Sàlí! Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, mo rò pé ẹ gbọ́ ọ ní Ọ̀yọ́! Sójà gbé ọmọ kan sọ sókè. Àwọn aránṣọ ló kó ìkòkò wọlé, wọ́n ń gbá ìdí rẹ̀ bí ìlù. Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ ìgékọ́kọ́rọ́ mi padà sórí tábìlì rẹ̀, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn mí lọ́wọ́. Bàbá jókòó padà, wọ́n ní kí a wá wò ó báyìí. Wọ́n jẹ ẹ̀wà ńlá, iwin di búlúù, wọ́n lé wọn kiri bí ẹni tó ń lé adìyẹ. Wọ́n kọjá ẹ̀kẹta, wọ́n kọjá ẹ̀kẹrin, wọ́n kọjá ẹ̀karùn-ún! Mo wá mọ ìdí tí jẹnẹrétọ̀ fi máa ń dún ní ìdájí tí mo rò pé wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Màmá ní, "Bàbá Míjí, ẹ ti parí mẹ́ta o, ṣé kí n tún ẹrù dì?" Wọn ò yíjú padà. Wọ́n ní, "O ti sọ ìkòkò kalẹ̀, ìyẹn ló borí."

Kí n má parọ́ fún ọ, ẹ̀rù Màmá kò tán. Wọ́n ní àwọn fún Warri ní àyè títí di ọdún tuntun. Bí ìbọn bá tún dún, wọ́n á wọ ọkọ̀, kí Bàbá dúró ti iwin wọn. Bàbá gbà. Wọ́n ti ní kí káfíńtà fi pákó tó nípọn kan ilẹ̀kùn tuntun fún yàrá ẹ̀yìn, irú èyí tí kì í dún gbàmù. Ọkọ̀ akẹ́rù padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó pẹ̀lú àpò gààrì láti Orhuwhorun àti ẹja gbígbẹ fún ẹ̀gbọ́n Bàbá, kí inú wọn lè rọ̀. Súnkànmí ní òun yóò tún padà wá, ṣùgbọ́n ojú Cynthia ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Ó ku ohun kan. Mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Òjò kò kan nǹkan kan. Àwọn garawa yín ṣì wà nínú ara wọn bí ẹ ti tò wọ́n, ẹní ìkírun Bàbá Bàdírù sì wà níbi tí wọ́n ká a sí. Ìrọ̀lẹ́ àná, mo gé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù náà, òun ni mo fi bébà dì sínú àpòòwé yìí. Mo dán an wò, ó ṣí i, ó tì í. N kò ní kí ẹ wá lọ́la. Mo mọ ohun tí ojú yín rí kí ẹ tó lọ, n kò sì ní fi ẹnu mi pe ẹnikẹ́ni sínú ewu. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kì í jẹun, kì í gba àyè. Gbé e kọ́ síbi tí ojú rẹ ti lè máa tó o.

Bá mi kí Bàbá Bàdírù àti Ìyá, kí o kúnlẹ̀ fún wọn dáadáa ní orúkọ mi. Bá mi kí Bọ̀dá Shamsudeen. Sọ fún Mutmainah pé kọ̀rọ̀ kan wà ní Warri tó ń jẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀. Cynthia ní kí n kí ọ, ó ní, "Tell Sali say her corner still dey." Màmá ń kí yín, wọ́n ní kí ẹ fi ata rere ránṣẹ́.

                                        Èmi ni tìrẹ tí ò jẹ́ sá gba ẹ̀yìnkùlé fi ọ́ sílẹ̀,
                                        Ọlámijí.

Mo fẹ́ lẹ àpòòwé ni Bàbá pè mí. Nígbà tí Màmá ń tú ẹrù, wọ́n rí sálúbàtà ọmọdé kan, aláwọ̀ ewé, ẹsẹ̀ òsì nìkan, nínú àpótí tí Bàbá ti ń kó kọ́kọ́rọ́ tí kò ní àgádágodo sí. Bàbá ti mọ̀ pé tìrẹ ni láti ọjọ́ tí wọ́n fi etí wọ́ mi jáde. Wọ́n ní àwọn kò fi ránṣẹ́ o. Wọ́n ní kí ẹni tó ni ín wá gbà á fúnra rẹ̀.